Báwo ni mo ṣe lè wọn èdè tí ọmọ mi ń gbọ́ lóòjọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì là ń gbé, ọmọbìnrin mi ti lé ní ọdún 2. Èdè Èkìtì ni màmá mi ń bá a sọ, èmi àti bàbá ẹ̀ ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, Gẹ̀ẹ́sì ni ti jẹ́lé-ó-sinmi. Olùkọ́ ẹ̀ ní Yorùbá ló ń fa ọmọ náà sẹ́yìn. Èmi ò gbà, ni mo ṣe fẹ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó.

Mo pín ọjọ́ sí ìdajì wákàtí, mò ń kọ èdè tí ọmọ gbọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Oorun ọ̀sán, mo yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ ní Sátidé, màmá mi ń gúnyán, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ọmọ ń ṣeré. Èwo ni kí n kọ? Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá ọmọ sọ náà wà lára ẹ̀? (Tẹlifíṣọ̀n, mi ò kà á, kì í dá ọmọ lóhùn.)

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní LENA, ọmọ á wọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀wù, á gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí 16. Ó ń ka iye ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n kì í sọ èdè tó jẹ́. Ṣé fóònù lásán ò lè ṣe é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú ẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó lẹ ń tẹ́tí sí nínú wákàtí kan tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ èdè tó wà níbẹ̀?

Ọmọ yìí ń sọ “ulé” fún ìyá àgbà, “ilé” fún èmi. Ṣé kí n ka Èkìtì sí èdè ọ̀tọ̀ ni?