Finger Lakes pẹ̀lú màmá wa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Bronx: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ìyá ọkọ mi ti Ìbàdàn dé, a sì fẹ́ gbé wọn lọ sí Finger Lakes, agbègbè adágún ní ìpínlẹ̀ New York, lóṣù kẹwàá, nígbà tí ewé bá ń pọ́n. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í mu ọtí. Àwa fẹ́ tọ́ wáìnì ibẹ̀ wò. Ọjọ́ méjì péré la ní. Níbo ni kí a dé sí?

Àkànní Rochester: Ẹ bá wa kí màmá o. Adágún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ẹ má lé gbogbo wọn. Ithaca ni kí ẹ sùn, ní ìpẹ̀kun adágún Cayuga lápá gúúsù. Omi Taughannock kò jìnnà síbẹ̀: 215 ẹsẹ̀ bàtà ló fi ń já wálẹ̀, ó ga ju Niagara lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó látòkè kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí orúnkún bá gbà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ tẹ́jú, kò sì tó máìlì kan dé ìdí omi.

Ìyá Tèmi: Òótọ́ ni Bùọ̀dá Àkànní sọ. Watkins Glen ni gbogbo èèyàn máa dárúkọ fún yín, ó sì rẹwà gan-an: omi 19 ló ń já tẹ̀lé ara wọn láàárín àpáta, ẹ ó gba ẹ̀yìn òmíràn kọjá. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ lé ní 800, ó tutù, ó sì ń yọ̀. Mo mú màmá tèmi lọ. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má ṣubú kò jẹ́ kí n rí omi kankan. Ẹ máa pín in lọ ni, kí ẹnì kan dúró ti màmá.

Dèjì Ọlọ́jàrà: Riesling, irú wáìnì funfun kan, ni kí ẹ bèèrè. Adágún Seneca jìn ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà nínú omi yẹn ni kì í jẹ́ kí òtútù tètè pa àjàrà tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí rẹ̀. Ilé wáìnì méjì lóòjọ́ ti tó. Ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Tèmi: Mo fẹ́ gbàgbé! Ẹ gba Auburn kọjá. Ilé Harriet Tubman wà níbẹ̀, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó tún ń padà lọ kó àwọn ẹlòmíràn jáde. Ìlú yẹn ló kú sí ní 1913. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

Àbẹ̀kẹ́ Bronx: Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n ní ọdọọdún ni àwọn ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Tubman, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yà, kí wáìnì dúró ná.