LC, àwìn àti ìfọwọ́sọ̀yà: èsì sí Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Àkúrẹ́ níbí. Ẹ ní kí a máa pe ìwé tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń pè ní letter of credit (LC), ìyẹn lẹ́tà tí báńkì fi ń ṣèlérí owó fún olùtà, ní "ìwé àwìn báńkì". Àbúrò wa tó ń ra kòkó ní Ìdànrè dá yín lóhùn pé "ìwé onígbọ̀wọ́" ló dáa jù. Mo ro méjèèjì wò dáadáa, n kò sì lè fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Wọ́n dùn ún gbọ́ o. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ wọn yóò gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé òye àwìn wọ inú LC lè pàdánù kòkó odidi ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìpínlẹ̀ wa gidigidi. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó ká ní 1986, ìgbìmọ̀ yẹn ló ń bá Òyìnbó nájà. Àgbẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè àti Ilé-Olújì kàn ń kó kòkó lọ síbi ìwọ̀n ni, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá lágbára ti lè kó kòkó tirẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Ibẹ̀ ni lẹ́tà báńkì ti wọ ilé wa, tí a kò sì tíì fún un lórúkọ tó gbà lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí inú iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ti gbọ́dọ̀ jáde. Ká ní obìnrin kan ní ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù kòkó nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ níbí. Ilé iṣẹ́ kan ní Amsterdam fẹ́ rà á. Wọn kò mọ ara wọn rí. Bí obìnrin yìí bá kó kòkó sínú ọkọ̀ ní Àpápá kí owó tó dé, ta ni yóò bá a gba owó rẹ̀ bí oníbàárà bá yíhùn padà? Bí oníbàárà náà bá sì kọ́kọ́ sanwó, ta ló fi dá a lójú pé kòkó gidi ni wọn yóò kó wá? Oníbàárà á wá lọ bá báńkì tirẹ̀. Báńkì yẹn ló máa kọ lẹ́tà sí obìnrin wa, yóò fi rán báńkì kan ní Nàìjíríà sí i lórí SWIFT, ẹ̀rọ tí àwọn báńkì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí lẹ́tà náà ń wí kò ju èyí lọ: bí o bá kó àwọn ìwé báyìí báyìí wá kó tó di ọjọ́ báyìí, tí ohun tó wà nínú wọn sì bá èyí tí mo kọ síbí mu, èmi fúnra mi ni n óò san iye báyìí fún ọ.

Àwọn ìwé wo? Ínfóìsì (ìwé iye owó ọjà), ìwé tí ọlọ́kọ̀ ojú omi fọwọ́ sí pé òun ti gba ẹrù, ìwé ẹ̀rí pé Nàìjíríà ni kòkó náà ti wá, ìwé ìwọ̀n, ìwé pé wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí i, àti ìwé adójútòfò bí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí i pé olùtà ni yóò san ìyẹn. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ní kí báńkì wá tú àpò wo.

Àwìn wá dà nínú èyí, Ẹ̀gbọ́n? Gbogbo wa la mọ ohun tí àwìn jẹ́. Mo gbé ọjà rẹ lọ lónìí, mo ní n óò san án tó bá yá, bí n kò bá sì san án, ìwọ tó ta á lo máa forí fá a. Obìnrin wa kò tà láwìn. Àwìn gan-an ló ń sá fún tó fi ní kí wọ́n lọ gba lẹ́tà wá. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó wà nínú orúkọ náà ló fà yín síbẹ̀. Látinú èdè Látìn tó túmọ̀ sí "gbà gbọ́" ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀, irú lẹ́tà tó sì kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí ni èyí tí arìnrìn-àjò máa ń gbà lọ́wọ́ báńkì kan nílé lọ fún òmíràn lájò, kí wọ́n lè gbà á gbọ́ kí wọ́n sì fún un lówó. Ẹ lè ní LC kan wà tí owó rẹ̀ kì í jáde lójú ẹsẹ̀, bóyá ó di 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gba ẹrù. Òótọ́ ni, àwìn wà nínú ìyẹn, ẹ sì lè pe ẹ̀yà yẹn ní aláwìn. Ẹ má kàn fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ìdílé.

"Onígbọ̀wọ́" sún mọ́ ọn ju àwìn lọ, ìdí nìyẹn tó fi léwu jù. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni onígbọ̀wọ́ ń dúró sí. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè gan-an á ti kọ́kọ́ kùnà. Ti LC kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ti pé, báńkì ló jẹ olùtà lówó, ọ̀dọ̀ báńkì ni yóò gbà lọ tààrà, kódà bí oníbàárà bá ń pariwo pé kí wọ́n má san án, kódà bó bá ti wọko gbèsè. Ìwé òfin tí báńkì ń tẹ̀ lé kárí ayé, èyí tí ICC, àjọ àwọn oníṣòwò àgbáyé tó wà ní Paris, ń ṣe, tí a mọ̀ sí UCP 600, sọ ọ́ kedere: ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà, ọ̀tọ̀ ni àdéhùn ọjà tó bí i.

Orílẹ̀-èdè tiwa ti fojú winá ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1975, Nàìjíríà ti bèèrè fún sìmẹ́ǹtì tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, èyí tí èbúté Èkó kò lè já tán láàárín ọdún mélòó kan. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ lójú omi. Ìjọba wá yíhùn, wọ́n ní kí báńkì àpapọ̀ dá owó dúró. Ilé iṣẹ́ kan láti Switzerland, Trendtex, ní lẹ́tà báńkì àpapọ̀ lọ́wọ́ lórí 240,000 tọ́ọ̀nù. Ó pẹjọ́ sí London. Báńkì ní apá ìjọba ni òun, pé wọn kò lè pe ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní 1977, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí adájọ́ Lord Denning wà níbẹ̀ kò gba àwáwí yẹn. Ẹ wo ẹni tí Trendtex pè lẹ́jọ́ o. Iléeṣẹ́ ológun ló fẹ́ lo sìmẹ́ǹtì, àmọ́ báńkì tó kọ lẹ́tà ni wọ́n wọ́ lọ sílé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ onígbọ̀wọ́ lásán ni báńkì, ibòmíràn ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ yà sí.

Ìgbọ̀wọ́ ní àyè tirẹ̀, mi ò fẹ́ kí a fi ṣòfò. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe fẹ́ gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ní kó mú ìwé báńkì wá kí wọ́n lè rí ẹni dì mú bó bá sá lọ, ìwé ìgbọ̀wọ́ báńkì nìyẹn. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, kí la máa wá fi yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni "ìwé ìfọwọ́sọ̀yà". Ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà, àyà ara rẹ̀ ló fọwọ́ lù. Kò sọ pé "bí lágbájá kò bá ṣe é". Òun ni yóò ṣe é. Ohun tí báńkì ṣe nìyẹn gan-an. Ó sì ṣeé yí sí gbogbo ọ̀nà tí a bá fẹ́: báńkì fọwọ́ sọ̀yà fún olùtà, báńkì afọwọ́sọ̀yà, owó ìfọwọ́sọ̀yà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìfọwọ́sọ̀yà máa ń jẹ́, ìdí tí mo fi kọ "ìwé" síwájú rẹ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. A kò sì nílò láti so "tí kò ṣeé fà sẹ́yìn" mọ́ ọn bí Òyìnbó ti máa ń ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2007 tí UCP 600 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo lẹ́tà tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò ṣeé fà sẹ́yìn, yálà wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ tàbí wọn kò kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà jù. Báńkì tó wà níbí, tó gba lẹ́tà láti Amsterdam tó sì fà á lé obìnrin wa lọ́wọ́, kò ṣèlérí owó kankan. Ó yẹ lẹ́tà náà wò bóyá ojúlówó ni, ó jíṣẹ́, ó tán. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní "báńkì ajíṣẹ́". Àfi bó bá fi ìfọwọ́sọ̀yà tirẹ̀ kún ti àkọ́kọ́ ló tó di pé owó wà lọ́rùn òun náà. Ẹni tó bá gbọ́ "ajíṣẹ́" kò ní lọ bá ajíṣẹ́ jà lórí owó.

Ó kù síbi ìwé. Ìwé ni báńkì ń wò, kò kan ọjà. Ẹjọ́ kan dé New York ní 1941: olùrà ní irun ẹlẹ́dẹ̀ lòun rà láti Íńdíà, pé irun màlúù àti pàǹtírí ni wọ́n kó sínú àpótí, bẹ́ẹ̀ ìwé wọn pé pérépéré. Adájọ́ gbà pé báńkì kò ní láti yẹ ọjà wò, ṣùgbọ́n bí ìjìbìtì olùtà bá ti hàn kedere kí owó tó jáde, a lè dá owó náà dúró. Ìjìbìtì nìkan ló gba báyẹn o. Bí kòkó kò bá kàn dára tó, olùrà àti olùtà ni yóò lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ibẹ̀ ni n kò ti fara mọ́ "àṣìṣe" tí ẹ lò fún ohun tí báńkì fi ń dá ìwé padà. Bí ọkọ̀ bá gbéra lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí lẹ́tà dá, ta ló ṣàṣìṣe nínú ìwé? Gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Kò kàn bá lẹ́tà mu ni. "Àìbáramu" ló yẹ ẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni báńkì ní láti wá àìbáramu náà rí lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀. Olùtà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju ọjọ́ 21 lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ gba ẹrù kó tó kó ìwé lọ, bí lẹ́tà kò bá dá ọjọ́ mìíràn.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni "nǹkan bíi", torí ọ̀rọ̀ wa gan-an ni ìyẹn. Kòkó ń gbẹ sí i lójú ọ̀nà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ "nǹkan bíi 100 tọ́ọ̀nù" sínú lẹ́tà. Lẹ́nu tiwa, ẹni tó kó 80 wá lè ní òun ti gbìyànjú, pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún náà kọ́ nìyẹn? Nínú UCP 600, gbólóhùn yẹn ní ààlà: kò gbọdọ̀ lé ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ dín jù bẹ́ẹ̀. Láti 90 dé 110 ni. Bí wọn kò bá kọ ọ́ rárá, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n fàyè gbà, ìyẹn bí wọ́n bá fi ìwọ̀n sọ ọ́. Bí lẹ́tà bá ka iye àpò, tó ní àpò 1,600, kò sí àyè márùn-ún kankan mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi "nǹkan bíi" lásán túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníkòkó. "Bó lé bó dín" wà nílẹ̀, "lé" àti "dín" tí Yorùbá fi ń ka nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Ká kọ "100 tọ́ọ̀nù, bó lé bó dín ìdá mẹ́wàá", kí onítọ̀hún rí ààlà náà lójú.

Ní ti ìwé tí ọlọ́kọ̀ ojú omi ń fúnni, "rìsíìtì ọkọ̀" tí Àbúrò wa pè é kò tó o. Rìsíìtì ń jẹ́rìí pé wọ́n gba ẹrù ni. Èyí ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tún jẹ́ pé ẹni tí ojúlówó rẹ̀ bá tọ́ sí tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ yóò já ẹrù fún. Ohun tó jẹ́ kí báńkì lè fi ìwé di kòkó mú nìyẹn láìfojú kàn án. Ojúlówó mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣe, bí wọ́n bá sì ti fi ọ̀kan gba ẹrù, àwọn tó kù ti di ìwé lásán. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà báńkì fi máa ń ní kí gbogbo wọn pé. "Ìwé àṣẹ ẹrù" ni mo fara mọ́.

Ọ̀kan ṣì wà tí n kò tíì rí yanjú. Ẹ pe ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí ní "olùjèrè". Èrè kọ́ ló ń gbà, owó ọjà rẹ̀ ni. Mo ń wo "ẹni-owó-tọ́-sí", àmọ́ ó gùn, kò sì rọrùn láti fi sínú gbólóhùn. Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn àgbà Oǹdó bá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pe ẹni tí wọ́n fi owó pa mọ́ dè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.