Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iṣan ọkàn tó wú: a kò fún un ní prednisolone

Ẹ rántí aláìsàn ọmọ ọdún 24 níbí l'Ábùjá, tí iṣan ọkàn rẹ̀ wú lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, tí EF rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan) jẹ́ 28%. Mo bi yín bóyá ká fi prednisolone (oògùn steroid) tàbí immunoglobulin (èròjà agbóguntàrùn tí a ń fà sára) dá ọmọ ogun ara rẹ̀ lẹ́kun.

Ẹni tó ní ká ní sùúrù ló jàre. Ìwádìí ọdún 1995 lórí prednisone pẹ̀lú cyclosporine tàbí azathioprine kò so èso, immunoglobulin ti 2001 náà kò so. Ìwádìí TIMIC ti 2009 so o, àmọ́ àwọn tí biopsy (gígé ẹ̀kán kékeré lára iṣan ọkàn láti yẹ̀ ẹ́ wò) fi hàn pé kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú iṣan ọkàn wọn nìkan ni wọ́n tọ́jú: lójúmọ́, prednisone 1 mg/kg fún ọ̀sẹ̀ 4, 0.33 mg/kg fún oṣù 5, àti azathioprine 2 mg/kg fún oṣù 6. A kò rí biopsy ṣe, torí náà a kò dán an wò.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni àwọn oògùn ọkàn tó ń kùnà: furosemide tó ń fa omi jáde, lisinopril 2.5 mg tí a gbé dé 10 mg díẹ̀díẹ̀, àti spironolactone 25 mg. Bisoprolol 1.25 mg (oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn) la kánjú sí. Omi kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. A dá a dúró, a tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 9, ó gbà á. Potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gun 5.7 mmol/L, ó ga jù, a dín spironolactone kù sí ìdajì. Ibuprofen tó ń rà ní kẹ́míìsì (ẹ máa bi wọ́n o!) la ní kó jù nù.

Ní oṣù kẹta, EF ti di 49%. Ọkàn ṣì ń lù ségesège nígbà mìíràn, torí náà kò sí bọ́ọ̀lù títí oṣù 6 yóò fi pé, tí a óò tún Holter (ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé kiri láti ka ìlù ọkàn) ṣe.

Bí aláìsàn tiyín bá ń burú sí i láìka oògùn sí, tàbí tí heart block (kí àmì iná tó ń darí ìlù ọkàn má kọjá dáadáa) yọjú, ẹ fura sí giant cell myocarditis, irú iṣan ọkàn wíwú kan tó le gan-an. Ìyẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló nílò steroid kíákíá.

Ẹ ṣeun.