Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lórí fault, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ ti ya nísàlẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sún, kí lẹ ti fojú ara yín rí?

Ọmọlére_Fremont: Ẹ ǹlẹ́ o. Ní Tule Pond lẹ́bàá stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin BART tiwa níbí ní Fremont, California, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọ́n sì rí àmì ìmìtìtì ilẹ̀ 12 láàárín bíi 1,900 ọdún lórí Hayward Fault, 1868 sì ni èyí tó kẹ́yìn. Ta ló ti wọ irú yàrà bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ sọ fún wa.

Akin_ilẹ̀: Èmi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé wọ́n kó wa lọ sápá gúúsù San Andreas, fault ńlá California yẹn, katakata ti gbẹ́ yàrà tó jìn ju ìdúró mi lọ, wọ́n fi irin ti ògiri ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má wó lù wá, iṣẹ́ wa ò ju ká fi trowel bíríkìlà máa họ ògiri yẹn títí tó fi máa mọ́. Ibi tí mo ti ń họ ọ́ ni mo ti rí ilẹ̀ àbàtà dúdú kan tó ń bọ̀ gbọọrọ, ó dé ibì kan ó já, ó wá bẹ̀rẹ̀ lódì kejì, ó fi bí ìka mẹ́ta rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Iyanrìn tó bò ó lórí ò já rárá. Ọ̀gá wa ní ohun tá a wá wá nìyẹn, pé ilẹ̀ dúdú yẹn ti wà kí ilẹ̀ tó mì, iyanrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ẹ̀ ni. Wọ́n ṣa èédú wẹ́wẹ́ nínú méjèèjì lọ fi carbon-14 wá ọjọ́ orí wọn. Ara mi bù máṣọ.

Màmá_Ìbejì_LA: Ìka mẹ́ta péré kẹ̀?

Akin_ilẹ̀: Ẹ̀gbẹ́ ló ń sún sí jù mà, ògiri yàrà kan ò lè fi gbogbo ẹ̀ hàn. Ẹ wo odò Wallace Creek ní Carrizo Plain, lórí San Andreas náà, fault ti wọ́ odò yẹn kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀ ní bíi 130 mítà láàárín bíi 3,700 ọdún.

Jagun_Ọ̀wọ̀: Mi ò gbà o. Èédú lè wá látara igi tó ti kú tipẹ́tipẹ́, kí omi wá gbé e débẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di ọjọ́ ìmìtìtì.

Tọ́lá_òkè: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rí jọ. Ní Wrightwood, lórí San Andreas náà, òrùka inú igi ni wọ́n kà. Àwọn igi orí fault yẹn ò dàgbà dáadáa mọ́ lẹ́yìn 1812, ọdún yẹn gan-an sì ni ìmìtìtì wó ṣọ́ọ̀ṣì San Juan Capistrano lu àwọn èèyàn nínú ìsìn. Ọdún 44 lẹ́yìn ẹ̀, ti 1857 dé.

Jagun_Ọ̀wọ̀: Ó dáa, mo gba ti igi.

Bọ̀dé_B: Kí wọ́n wá dá ọjọ́ fún wa nígbà náà.

Tọ́lá_òkè: Wọ́n dán an wò ní Parkfield, lórí San Andreas náà. Ilẹ̀ ti mì níbẹ̀ ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966. Wọ́n ní òmíràn ò ní kọjá 1993. 2004 ló dé.

Bọ̀dé_B: Pásítọ̀ wa gan-an ò pẹ́ tó yẹn 😂

Ọmọ_Ifẹ̀wàrà: Gbogbo ẹnu lórí California. Fault kan gba ìlú tiwa kọjá lọ sí Zungeru ńkọ́? Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó tún mì ní 2009. Ẹ gbẹ́ yàrà síbẹ̀ náà o!

Akin_ilẹ̀: Mo fara mọ́ ọn. Tiwa ò yára sún bíi ti ibí, àmọ́ ìyẹn ò ní ká má wò ó.

Ṣadé_Adana: Mo wà ní Adana, ní Turkey, nígbà tí ilẹ̀ mì ní February 6, 2023. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 17 ìdájí ni, iná lọ, wọ́dúróòbù wó dí ilẹ̀kùn, gíláàsì fọ́ káàkiri, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín jáde sínú òtútù. Ilé kejì sí tiwa wó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Màmá_Ìbejì_LA: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run ló yọ ẹ́.

Jagun_Ọ̀wọ̀: Ẹ kú orí ire. Mo ń lọ fi ìṣó kan wọ́dúróòbù mi mọ́ ògiri báyìí.

Ọmọlére_Fremont: Ṣadé, o ṣé tó o sọ ọ́. Mo ti gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo wa. Lándlọ́ọ̀dù mi ló ní òun ò ní so tánkì omi gbígbóná mọ́ ògiri.

Tọ́lá_òkè: Òfin California ló ní kó so ó, kì í ṣe ojú rere. Kọ lẹ́tà sí i lónìí, kó o tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀.