Àbúrò mi àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá kí àbúrò mi obìnrin lọ ka kirimínọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, nígbà tí Dádì ní lọ́ọ̀ nìkan làwọn máa sanwó fún. Ó ti yanjú. Dádì ti sanwó.

Kì í ṣe ẹnu mi ló yí wọn lọ́kàn padà. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá wá ọmọ aládùúgbò wa kan wá sí Agric níbí, n'Ìkòròdú. Wọn ò bá a, ni wọ́n bá gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Àbúrò mi tẹ̀lé àwọn àgbà àdúgbò dé àgọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gba mímú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ó tún mẹ́nu ba abala 35 ìwé òfin 1999: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ibẹ̀. Wọ́n fi ìyá náà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Dádì wà níbẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀kọ́ yìí ò lè sọ ọ́ di lọ́yà. Ó mọ̀. Iṣẹ́ ọgbà àtúnṣe, ìyẹn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ló ń wù ú. NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé, ló wọlé sí, kó lè máa bá Mọ́mì tajà ní Ṣàbó.

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má fipá mú un.