Indy 500: kí ni awakọ̀ ń ṣe tí iwájú ọkọ̀ bá kọ̀ láti wọ kọ́nà?

Igun_Kẹta:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ Indy 500, eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń sá ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn eré yìí, síbẹ̀ ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Awakọ̀ á máa fò lọ nígbà tó dá wà, ṣùgbọ́n tó bá ti sún mọ́ ìdí ọkọ̀ míì, á ké lórí rédíò pé iwájú ọkọ̀ òun kò wọ kọ́nà mọ́. Wọn á ní kó lo weight jacker. Kí ni iṣẹ́ nǹkan náà gan-an? Ṣé wọn ò kúkú lè fi kún ìyẹ́ iwájú, èyí tó wà ní imú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni?

Onítáyà:
Afẹ́fẹ́ ló fà á. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó wà níwájú sì ti dà á rú kó tó kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyẹ́ iwájú ló kọ́kọ́ ń jìyà ẹ̀. Ilẹ̀ kọ́nà Indianapolis kò sì dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀, dígírì 9 àti díẹ̀ ni. Lórí eré tó ju máìlì 220 lọ ní wákàtí kan, táyà nìkan kò lè di ọkọ̀ mú níbẹ̀.

Weight jacker wà lára spírìngì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, inú ọkọ̀ ni awakọ̀ ti ń darí rẹ̀. Ẹ wo tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi pákó há abẹ́ ẹsẹ̀ kan: ẹsẹ̀ yẹn àti èyí tó wà ní igun òdìkejì ló máa ru ẹrù jù. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí awakọ̀ bá gbé igun ẹ̀yìn ọ̀tún sókè, ẹrù á pọ̀ sí i lórí táyà yẹn àti ti iwájú òsì, á sì dín kù lórí iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì. Apá òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí níbẹ̀, nítorí náà táyà ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ jù; tí ẹrù bá dín kù lórí ti iwájú ọ̀tún, iwájú á wọlé. Ó tún lè dẹ anti-roll bar iwájú, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù, tàbí kó mú tẹ̀yìn le. Kó má fọwọ́ kan méjèèjì pọ̀ o. Kó yí ọ̀kan díẹ̀, kó fi kọ́nà kan tàbí méjì wò ó ná.

Ohun tó wù mí jù nínú eré yìí nìyẹn: fún odindi ìyípo 200, awakọ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe bó ṣe ń sáré.

Ẹ̀bá_Ògiri:
Ní ti ìyẹ́ iwájú, kò ṣeé yí láti inú ọkọ̀. Ìgbà tó bá dúró gba epo àti táyà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń yí i, díẹ̀díẹ̀ ni. Ewu ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fi kún un jù nítorí ọkọ̀ tó wà níwájú, ọjọ́ tó bá kọjá ọkọ̀ náà, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á padà dé, iwájú á gé wọlé lójijì, ẹ̀yìn á yọ̀. Tí iwájú bá ń yọ̀, awakọ̀ ṣì lè gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kí eré lè dín kù. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀ lórí eré yẹn, ògiri ti dé kó tó ronú.

Kó má sì fipá yí síárìn kún un. Táyà iwájú ọ̀tún ló máa jó, ìyípo mẹ́wàá sí i ọkọ̀ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ kọ́nà, kì í ṣe láàárín rẹ̀.

Igun_Kẹta:
Ẹ ṣeun gan-an. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń kọjá ara wọn?

Onítáyà:
Lórí ọ̀nà tó gùn tààrà ni kó ti fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí afẹ́fẹ́ má dí i lọ́wọ́. Bí kọ́nà bá ń sún mọ́, kó yẹ̀ bí ìdajì ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìyẹ́ rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Ní 2024, ní ìyípo tó kẹ́yìn, Pato O'Ward kọjá Josef Newgarden ní Kọ́nà Kìíní. Newgarden gba ipò rẹ̀ padà ní Kọ́nà Kẹta, ó sì gba ife.

Tí ẹ bá tún ń wo kámẹ́rà inú ọkọ̀, ọwọ́ awakọ̀ ni kí ẹ máa wò. Tó bá ń yí síárìn sósì síwájú sí i, tí imú ọkọ̀ sì ń lọ bá ògiri, iwájú ló ń yọ̀. Tó bá já a sọ́tùn-ún fìrì, ẹ̀yìn ni.