Ẹ gbà mí o: ajá mi ń ṣu omi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, probiotic ò ràn án

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ajá wa, Tanímọ̀la, ń ṣu omi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé e wá láti Ṣágámù, ó ní òun lòun á máa tọ́jú ẹ̀. Kò ju oṣù kan lọ tó fi padà sílé ìwé, tó fi ajá sí mi lọ́rùn. Mi ò bínú sí i, mo ti fẹ́ràn ajá yìí ju òun gan-an lọ.

Àmọ́ ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ò jẹ́ n sinmi. Láàárọ̀ yìí ló dúró nídìí kànga, ó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé ilé òun ń rùn. Èmi tí mò ń fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́! Bàbá Dọlápọ̀ náà ti ní kí n tú u sílẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ta lẹ́búlẹ́bú fún mi ní Sábó. Ó ní probiotic ni, pé kòkòrò rere ló wà nínú ẹ̀, tó bá ti wọ ikùn ajá, ìgbẹ́ á le láàárín ọjọ́ márùn-ún. ₦14,500! Mo lò ó tán, mo tún ra òmíràn. Oúnjẹ gbígbẹ tí mò ń rà fún un náà, wọ́n kọ probiotic gàdàgbà sára àpò ẹ̀. Pàbó ló já sí. Ṣé jìbìtì ni gbogbo ẹ̀ ni, àbí ẹ mọ èyí tó dáa tí mo lè rà?

Bàbá Ìbejì, Odógunyàn
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ oṣù mélòó ni ajá náà? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìgbà wo ló lo oògùn aràn kẹ́yìn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ náà? Ṣé ó ń bì?

Ìyá Rìsíkà, Agric
Ẹ má náwó mọ́ jàre. Nígbà tí ajá tèmi ṣe irú eléyìí, ìyá mi tó wà ní Ìmọ́tà ló ní kí n bu omíkan orí ògì fún un. Ìyẹn náà la fi ń tọ́jú ọmọ tí inú ń ṣu nígbà tiwa. Ìyá mi á rọra da ògì lu, á bu omi tó tòrò sínú ife, á ní kó o mu ún láì fajú ro. Ajá mi mu ún ọjọ́ mẹ́rin, ó sàn. Ajá yẹn lo ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tó kú, mi ò jẹun.

Akọ́ṣẹ́ Ẹran, Ìjẹ̀dẹ́
Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mò ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe jìbìtì, mà, ṣùgbọ́n ó níye ohun tó lè ṣe. Kòkòrò àìfojúrí tó wà láàyè ni. Ẹ wo ara páálí ẹ̀: ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ kòkòrò náà gan-an, bí Enterococcus faecium tàbí Lactobacillus acidophilus, kí wọ́n kọ iye tó wà láàyè nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CFU, àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tó bá jẹ́ “probiotic” nìkan ni wọ́n kọ, ẹ ò lè mọ ohun tẹ́ ẹ rà. Oúnjẹ gbígbẹ ńkọ́? Iná gbígbóná gan-an ni wọ́n fi ń sè é nílé iṣẹ́. Ẹ̀yìn tó bá ti tutù ló yẹ kí wọ́n tó fi kòkòrò yẹn sí i, torí iná á pa á. Tí àpò náà bá wá jókòó sínú oòrùn ọjà fún oṣù mélòó kan, iye tó kù láàyè á dín.

Omíkan tí Ìyá Rìsíkà sọ kì í ṣe àsọdùn, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú èyí tí ẹ ò tíì gbé kaná ni wọ́n ti wà láàyè. Tẹ́ ẹ bá ti fi ògì ro ẹ̀kọ, wọ́n ti kú.

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Ẹ ṣeun. Kò bì o. Ó ń jẹun dáadáa, kódà ó ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi pé egungun ìhà ẹ̀ ti ń yọ. Ní ti lẹ́búlẹ́bú yẹn, inú ẹ̀kọ gbígbóná ni mo máa ń pò ó sí kó lè yọ́ dáadáa. Mi ò kí ń fún un ní oúnjẹ tútù, torí inú tó ń ṣu kò fẹ́ tútù.

Alhaja, Ẹbúté
Inú ẹ̀kọ gbígbóná kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ pa kòkòrò yẹn fúnra yín, ẹ wá ń bú ọlọ́jà. Ẹ máa jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó pò ó.

Bọ̀dá Kúnlé, Òwútù
Ajá ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ajá bàbá mi ń jẹ àjẹkù ẹ̀bà, ó ń he egungun kiri, kò sẹ́ni tó ra lẹ́búlẹ́bú fún un.

Ìyá Rìsíkà, Agric
Bọ̀dá Kúnlé, ẹ bi bàbá yín léèrè iye ọmọ ajá tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọdún kan. A kì í ka àwọn tó kú ni. Obìnrin yìí wá bèèrè ìmọ̀ràn, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì, Odógunyàn
Ìyá Dọlápọ̀, ẹ ò tíì dáhùn o. Ọjọ́ orí? Àjẹsára? Oògùn aràn? Ṣé ẹ ti fún un ní oògùn mìíràn?

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Oṣù mẹ́sàn-án ni. Ó ti gba abẹ́rẹ́ pé, káàdì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Oògùn tó lò ò ju kápúsù lọ: oníkẹ́mísì àdúgbò ló ní kí n máa fún un ní tẹtirasáíkílìnì àti Flagyl, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Ẹ má bú mi o. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè sáré lọ láago mẹ́wàá alẹ́.

Akọ́ṣẹ́ Ẹran, Ìjẹ̀dẹ́
Ẹnikẹ́ni ò ní bú yín, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oògùn tó ń pa kòkòrò ni kápúsù méjèèjì. Kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ohun tẹ́ ẹ fi lẹ́búlẹ́bú gbìn sínú ikùn ẹ̀ láàárọ̀, kápúsù ń hú u. Tí dókítà bá fẹ́ kí ajá lo kápúsù àti probiotic pọ̀, ó máa ń ní kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn. Probiotic mìíràn wà tó jẹ́ ìwúkàrà (yeast), Saccharomyces boulardii, ìyẹn ni irú kápúsù yìí kì í pa. Flagyl tó bá sì pọ̀ jù máa ń kan ọpọlọ ajá. Ṣé kì í ṣubú tó bá ń rìn? Ẹ dá kápúsù dúró títí dókítà á fi rí i.

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Kì í ṣubú. Ní ti aràn, wọ́n ti fún un lóògùn ẹ̀ kí ọmọ mi tó rà á. Kò sí aràn lára ẹ̀, èmi tí mò ń kó ìgbẹ́ ẹ̀ ni mo mọ̀. Hóró ìrẹsì tí kò dà nìkan ni mò ń rí, ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun ìdí ẹ̀ àti àpò tó ń sùn lé.

Bàbá Ìbejì, Odógunyàn
Ìgbà wo lẹ fún un ní ìrẹsì kẹ́yìn?

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀kọ àti oúnjẹ gbígbẹ ló ń jẹ.

Akọ́ṣẹ́ Ẹran, Ìjẹ̀dẹ́
Mà, ẹ dìde báyìí. Ẹ tan iná fóònù sí ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kì í ṣe èyí tó ti gbẹ. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan.

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Yéè! Ó ń mira. Ó na ara ẹ̀ gbọọrọ, ó tún súnkì padà. Méjì ni mo rí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Akọ́ṣẹ́ Ẹran, Ìjẹ̀dẹ́
Ara aràn ni, ó ń já ní kélekèle. Yọ̀rọ̀ tó ń fò nínú irun ajá ló ń gbé e: ajá á fi eyín gé yọ̀rọ̀, á gbé e mì. Púpọ̀ nínú oògùn aràn tí wọ́n ń tà lọ́jà ò ràn án, praziquantel ló ń pa á. Tẹ́ ẹ ò bá sì pa yọ̀rọ̀ ibùsùn ẹ̀, á padà wá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Irú aràn yìí nìkan kì í sábà fa ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ajá tó jẹ́ pé ìgbà tó wà ní kékeré ni wọ́n ti fún lóògùn aràn kẹ́yìn lè ní aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ò sì hàn sójú. Ẹ ṣí ètè ẹ̀: báwo ni èrìgì ẹ̀ ṣe rí?

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Ó funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ọlọ́run ò, Dọlápọ̀ máa ń jókòó tì í láì wọ bàtà.

Alhaja, Ẹbúté
Ẹ wọ bàtà fún ọmọ. Ọmọ aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń gba ara ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ èèyàn, á máa yún un bí ẹni pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ. Ó ti ṣe ọmọ-ọmọ mi rí.

Akọ́ṣẹ́ Ẹran, Ìjẹ̀dẹ́
Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bu ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣu sínú ike tó mọ́, ẹ dé e pa, ẹ gbé òun àti ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú páálí lẹ́búlẹ́bú yẹn àti káàdì lọ. Kó máa mu omi dáadáa lóru yìí.

Ìyá Dọlápọ̀, Ìgbógbó
Ẹ kú àárọ̀. A ti wà nínú kẹ̀kẹ́, a ti kọjá Benson. Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá Dọlápọ̀ ló mú ike dání. Ṣé kí n sọ ti kápúsù fún dókítà? Ojú ń tì mí.

Bàbá Ìbejì, Odógunyàn
Ẹ sọ ọ́, mà. Iye tẹ́ ẹ fún un àti ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ gbogbo ẹ̀.